Oko Ìyá Mi, Lọ́wọ́ Káfíńtà Kan ní Òtò

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ pé èmi ni mo jẹ̀bi, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi kò ju ìlàjì lọ. Ìlàjì yòókù, ọrùn àwọn tó ta gémù fún wa ló wà, inú mi ò sì tíì yọ́ sí wọn títí di òní.

Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá mi, Sùúrùlérè ni wọ́n ń gbé. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ilé dákẹ́ mọ́ wọn lórí. Wọ́n á jí, wọ́n á gbálẹ̀, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo ògiri. Èmi ń gbé ní Yábàá, mo ń bá ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tẹ nǹkan títí yóò fi bàjẹ́, kí n wá lọ sọ fún ẹni tó ṣe é pé ó ti bàjẹ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tu opó nínú. Kọ̀ǹpútà ni mo mọ̀. Mo bá ra gémù oko kan, mo gbé e sórí láptọ́ọ̀pù wọn, mo ní, "Màámi, ẹ máa fi èyí dá ara yín lára yá."

Wọ́n fi ojú tíṣà wò mí. "Èmi? Ṣé ọmọdé ni mí?"

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kí n pe àwọn padà tó bá yá, àgbàdo àwọn ti gbó.

Gémù náà kò le. Èèyàn á gba ilẹ̀, á ro ó, á gbìn, á bomi rin ín, á kórè, á sì kọ́ ilé síbẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi àti ìyá mi. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń dàgbà, ohun tí wọ́n jọ máa ń sọ ni pé báwọn bá ti fẹ̀yìn tì, àwọn á padà sílé, àwọn á dá oko kékeré kan tó ní igi káṣú, pẹ̀lú ìjókòó kan létí odò tí bàbá mi á ti máa ka ìwé ìròyìn. Ikú ò jẹ́. Ẹ wá wo ohun tí ìyá mi ṣe: wọ́n dá oko yẹn sínú gémù. Igi wà níbẹ̀, odò wà níbẹ̀, ewúrẹ́ mẹ́ta. Ìjókòó bàbá mi wà létí odò, ẹnikẹ́ni ò jókòó lé e. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti gbàdúrà tán, wọ́n á lọ sóko. Ọdún mẹ́rin gbáko. Ara wọn padà bọ̀ sípò. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jà pé mi ò tètè lọ́kọ, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àlàáfíà ti dé.

Ó wá kan ẹ̀bi tèmi. Nígbà tí mo ń ra gémù náà, wọ́n ní kí n fi nọ́ńbà fóònù sílẹ̀, mo fi ti ìyá mi sílẹ̀. Kò sí wàhálà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ìjọba ní kí oníkálukú lọ so síìmù rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á ti síìmù náà pa. Síìmù méjì ni ìyá mi ní. Wọ́n kó ìwé wọn lé mi lọ́wọ́: "Bá mi ṣe é o." Mo so ọ̀kan. Mo dé ibi tí mo ti fẹ́ so èkejì, èrò ti tò dé ẹnu géètì, oòrùn ń ta, inú ń bí mi, mo kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, mo lọ sílé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n bi mí, "Ṣé o ti ṣe méjèèjì?" Mo ní, "Mo ti ṣe é, Màámi." Wẹ́rẹ́ ni irọ́ jáde lẹ́nu mi, ojú mi ò tilẹ̀ ṣẹ́. Nígbà tí síìmù ọ̀hún kú lóòótọ́, mo ní nẹ́tíwọọ̀kì ló ń ṣe wèrè. Wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n ń lo èyí tí mo ti so nìṣó, èmi náà sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tó ọdún mẹ́ta tọ́wọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

Láptọ́ọ̀pù ìyá mi kú. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní kò lè jí mọ́, ṣùgbọ́n ó yọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún wa. Mo ra tuntun, mo kó gbogbo ẹ̀ sí i. Oko náà pé níbẹ̀, ojú ara mi ni mo fi rí i. Mo tẹ gémù. Kò ṣí. Ó ní òun ò rí kọ̀ǹpútà yìí rí, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀ pé ẹni tó ni òun ló ń tẹ òun? Ó ní òun ti fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà tí a fi sílẹ̀, kí a tẹ kóòdù náà wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo nọ́ńbà tó gbé síbẹ̀. Síìmù tó kú ni.

Mo kọ̀wé sí àwọn onígémù. Èsì dé kíá, inú mi dùn, àṣé ẹ̀rọ ló ń dáhùn. Mo ní nọ́ńbà yẹn ti kú. Ẹ̀rọ ní kò burú, òun máa fi kóòdù ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yẹn, kó lè dá òun lójú pé ẹni tó ni ín ló ń sọ pé ó ti kú. Ẹ gbà mí! Mo pariwo mọ́ kọ̀ǹpútà débi pé ẹni tí a jọ ń gbé yọjú wò mí. Nǹkan tí a fowó wa rà! Bí èèyàn bá ra aṣọ ní Tẹ́júoṣó, ṣé aláṣọ á tún tẹ̀ lé e délé, kó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó ní kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ àfi tó bá gbàṣẹ lọ́wọ́ òun? Wọ́n ní torí àwọn olè tó ń jí gémù dà kọ ni. Olè dà níbí? Ṣé tíṣà àgbà tó ń bomi rin ẹ̀fọ́ lolè? Àwọn olè fúnra wọn ti já àgádágodo yẹn tipẹ́, wọ́n wà ní Múṣín níbẹ̀ tí wọ́n ń gbá gémù wọn, kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè. Ẹni tó sanwó ni wọ́n tì mọ́ta.

Ìyá mi kò pariwo ní tiwọn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ní ọjọ́ kẹta, mo débẹ̀, mo bá wọn lórí ìjókòó, wọ́n ń wo ògiri.

"Àwọn ewúrẹ́ yẹn á ti kú," wọ́n ní.

Mo ní, "Màámi, ewúrẹ́ inú gémù kì í kú. Ibi tẹ́ ẹ fi wọ́n sí ni wọ́n wà."

Wọ́n ní, "Bàbá ẹ náà wà níbi tí mo fi wọ́n sí."

Bí oko yẹn bá lọ, èmi ni mo bà á jẹ́, nítorí pé mi ò lè dúró sórí ìlà fún wákàtí kan.

Ojú ń kán mi, mo bá pe nọ́ńbà náà bẹ́ẹ̀, bóyá ó lè bọ́ sí i. Ó dún! Ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti dàgbà ló gbé e. Mo kí wọn dáadáa, mo ṣàlàyé pé nọ́ńbà ìyá mi tẹ́lẹ̀ ni, mo bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń béèrè kóòdù lójú gémù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kóòdù kan máa wọlé sórí fóònù yín báyìí, ẹ bá mi kà á…"

"Kóòdù?" Ohùn yí padà. "Olè! Ọmọ Yàhúù! Àwọn ọmọ mi ti sọ fún mi nípa yín! Ojú ẹ máa rí nǹkan!" Wọ́n pa á mọ́ mi létí.

Ìyá mi tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ni wọ́n máa ń dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn tí wọ́n bá ń ṣe ìfilọ̀, tí wọ́n á ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ka kóòdù fún òun lórí fóònù, ì báà ṣe bíṣọ́ọ̀bù, olè ni." Wọ́n nu ojú wọn. "Bàbá yẹn gbọ́n." Lẹ́yìn náà wọ́n wò mí. "Ṣùgbọ́n báwo ni nọ́ńbà mi ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíràn?"

"Nẹ́tíwọọ̀kì ni, Màámi."

Ẹ rí i pé mo tún pa á. Ibi tí wàhálà sì wà ni pé ìgbà mẹ́ta péré ni gémù náà gbà wá láyè láti béèrè kóòdù. Bí ẹ̀kẹta bá kọjá tí a ò rí i tẹ̀ wọlé, ó ní òun máa ti àkáǹtì náà pa. A ti fi ìkíní ṣòfò lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìkejì gba èébú. Ó ku ẹyọ kan.

Ìyá mi gba nọ́ńbà náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi fóònù tiwọn pe bàbá náà. Wọn ò dárúkọ kóòdù rárá. Wọ́n ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo ń gbọ́ òòlù yín. Èmi ni ìyá ọmọ tí ẹ bú lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ò jẹ̀bi. Ojú lọ̀rọ̀ wà, níbo ni kí n ti wá rí yín?" Ohùn bàbá rọ̀. Olè kì í ní kí èèyàn wá wo ojú òun. Wọ́n ní káfíńtà làwọn, Òtò làwọn wà, tí a bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta pákó, kí a béèrè bàbá alága.

Lọ́jọ́ kejì, a gbé láptọ́ọ̀pù sínú báàgì, a wọ bọ́ọ̀sì, ó di Òtò. Ìyá mi wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ ìpàdé àwọn tíṣà àgbà, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ gbé ojú olè débẹ̀. A bá bàbá náà lábẹ́ páànù, pẹ́ńsù létí wọn, lẹ́búlẹ́bú pákó nínú irùngbọ̀n wọn. Àga ló yí wọn ká. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ jọ ti àwọn ará ilé wa.

"Ẹ̀yin lẹ fẹ́ gba kóòdù," wọ́n ní.

"Àwa ni, Bàbá. Ẹ káàsán."

"Màmá, ẹ má bínú. Ayé ti bàjẹ́ ni. Kí ni màá fi mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ ni nọ́ńbà yìí tẹ́lẹ̀?"

Mo ti fẹ́ kó ìwé jáde, ìyá mi tẹ ẹsẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ bi mí ní ohun tó bá wù yín."

Bàbá gbé ayùn sílẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti ra síìmù yìí, mi ò sinmi. Wọ́n ń pè mí ní Màmá. Wọ́n ń pè mí ní Tíṣà. Ẹnì kan ní kí n wá ka ẹ̀kọ́ kìíní ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, èmi Mùsùlùmí! Gbogbo wọn ni mo ti sọ fún, wọ́n ti dẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ku ẹnì kan. Obìnrin ni, àràárọ̀ Sátidé ló máa ń pè. Kí n tó lanu sọ pé èmi kọ́, ó ti bọ́ sínú àdúrà. Ta ni?"

Ìyá mi lu ọwọ́ pọ̀. "Háà! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ní Ògbómọ̀ṣọ́! Etí wọn ò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ara ògiri ni wọ́n fi èédú kọ nọ́ńbà yẹn sí. Mo fún wọn ní tuntun, wọ́n ní ògiri àwọn ti kún."

"Kí ni wọ́n fi máa ń parí àdúrà?"

"Wọ́n á ní, 'Ilé tó o kọ́ ò ní wó, oko tó o ro ò ní digbó.'"

Bàbá fa àga kan, wọ́n jókòó. "Àwọn náà nìyẹn."

"Wọ́n sì máa ń sọ fún mi pé àwọn gbàdúrà fún mi, pé mo ṣe àmín dáadáa," ni ìyá mi wí. "Mi ò rántí àmín kankan. Mo rò pé ogbó ló ń dé sí wọn ni."

"Èmi ni mò ń ṣe àmín, Màmá. Kí ni kí n ṣe? Àdúrà ni! Mo mú díẹ̀ níbẹ̀ o, mi ò ní parọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bàbá ò tíì mú fóònù. Wọ́n na ìka sí láptọ́ọ̀pù. "Kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

Ìyá mi ní, "Oko mi ni. Mo rà á, wọn ò jẹ́ kí n wọ̀ ọ́."

"Ẹ sanwó tán?"

"Mo san án tán, ó ti lé lọ́dún mẹ́rin."

Bàbá fọwọ́ gbá àga tí wọ́n ń ṣe lọ́wọ́. "Bí mo bá ta èyí fún yín, ṣé màá tún wá dúró ní pálọ̀ yín, kí n ní kẹ́ ẹ má tíì jókòó?"

Ó ṣe mí bíi kí n dì mọ́ wọn. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kan tí mo ti ń wá ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa yé. Ọ́fíìsì wa kún fún àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní bí nǹkan ṣe rí nìyẹn, kí n ní sùúrù. Káfíńtà ní Òtò ló yé.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta nìyẹn. Fóònù bàbá, kékeré onítẹ̀ ni, dún nínú àpò wọn. Wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n fi etí aṣọ nù ún, apá ọ̀tún, apá òsì. Ìṣẹ́jú ń lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà sínú, ẹnu wọn ń mì. Lójijì wọ́n dúró, wọ́n wo ìyá mi.

"Màmá. Wọ́n kọ ọ́ síbí pé kí n má ṣe fún ẹnikẹ́ni."

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, mo tilẹ̀ fẹ́ já fóònù náà gbà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ìyá mi ò yẹ̀.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," wọ́n ní. "Ẹ má fún wa. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́."

Bàbá rò ó wò. Wọ́n mi orí pé ó dáa. Wọ́n gbé láptọ́ọ̀pù lé ẹsẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ òsì bo fóònù kí n má baà rí i, wọ́n wá fi ìka ọ̀tún, ìka tó nípọn tí èékánná ti ṣí lára rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà. Ọ̀kan. Wọ́n tún wo fóònù. Èjì. Ẹ̀ta. Ní ẹ̀kẹrin, wọ́n tẹ méjì pọ̀, mo ké, mo bá wọn pa èyí tó lé rẹ́. Ẹ̀karùn-ún. Ẹ̀kẹfà. Mo ní kí wọ́n tẹ èyí tó gùn lápá ọ̀tún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kan ìṣó.

Ó ṣí.

Orin àárọ̀ tí gémù náà máa ń kọ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ páànù ní Òtò. Igi wà, odò wà. Ewúrẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jẹko. "Wọn ò kú," ni ìyá mi ń wí, "wọn ò mà kú!" Àga tí wọn ò tíì kùn ni mo jókòó lé. Ọlọ́run ló yọ mí.

Bàbá sún mọ́ ọn wò. "Ta ló ni ìjókòó etí odò yẹn?"

"Ti ọkọ mi ni."

Wọ́n wò ó pẹ́. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú," wọ́n ní. "Orúnkún á máa dùn wọ́n."

Ìyá mi sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Èmi náà sunkún.

Mo yí nọ́ńbà àkáǹtì náà padà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀. Lónìí nọ́ńbà ni, lọ́la wọ́n lè ní ojú ìyá mi làwọn fẹ́ rí. Mo wá a títí, mo rí ibòmíràn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti ń ta gémù yẹn gan-an láìsí àgádágodo kankan. Tó o bá ti rà á, ó di tìẹ, gbé e síbi tó bá wù ẹ́. Mo rà á lẹ́ẹ̀kejì, mi ò sì kùn. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni mo gbé e dé Sùúrùlérè, mo kó oko náà sí i. Ìyá mi ní àwọn fẹ́ dán an wò. Wọ́n fọwọ́ ara wọn pa dátà, wọ́n pa fóònù pẹ̀lú, wọ́n wá tẹ gémù. Ó ṣí lẹ́sẹ̀ kan náà.

"Kò béèrè nǹkan kan?"

"Kò béèrè, Màámi."

"Ó dẹ̀ mọ̀ pé èmi ni?"

"Kò mọ̀. Kò kàn án."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Èmi náà mí, àfi bí ẹni tó sọ igbá omi kalẹ̀. Bóyá ìmí yẹn ló tú mi lẹ́nu. Mo ní, "Màámi, mi ò so síìmù yẹn. Mo parọ́ fún yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

Wọ́n ń bomi rin ẹ̀fọ́ lọ. "Hùn-ún. Oúnjẹ ẹ wà ní kíṣìnì." Ó tán.

Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, tí mo fẹ́ máa lọ sí Yábàá, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n yọ fláàṣì kékeré kan níbi tí wọ́n máa ń so owó sí. Wọ́n ní ẹni tó ń bá wa tún láptọ́ọ̀pù ṣe ló bá àwọn kó gémù àti oko náà sí i. "Tọ́jú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ bá bàbá ẹ, kí ẹnikẹ́ni má béèrè kóòdù lọ́wọ́ ẹ." Mo ní wọn ò ní lọ síbì kankan, ẹ̀gbọ́n wọn ṣì ń pe Òtò láràárọ̀ Sátidé, àmín sì ń lọ déédéé. Wọ́n ní kí n máa lọ kí ilẹ̀ má baà ṣú.

Mo délé, mo ki fláàṣì náà bọ kọ̀ǹpútà tèmi. Ó ṣí, kò bi mí pé ta ni mí. Mo rìn lọ sétí odò. Wọ́n ti pààrọ̀ ìjókòó bàbá mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ga. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ti ro ilẹ̀ kan tí wọn ò gbin nǹkan sí, wọ́n ṣe ọgbà yí i ká, wọ́n ri pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn kà.

"Ilẹ̀ ọmọ mi nìyí. Òpùrọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ mi ni."

Mo mú ọkọ́, mo gbin àgbàdo sí i.